Orúkọ, Ilé àti Ogún: Ìtàn Ìran Àwọn Ìdílé Sàró àti Àgùdà ní Èkó

 Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀ka yìí tí ó gbé àsọyé rẹ̀ jáde kúrò nínú ọgbà yunifásítì wá sí àárín ìlú. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan. Ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ ogún sì ni pẹ̀lú.

Àwọn àgbà sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn lónìí jẹ́ ẹni tí a sọ lórúkọ láìwo ilé wọn rárá. Akọ̀wé ìjọba, òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tàbí olówó ẹrú ni ó fún wọn lórúkọ. Ilé tirẹ̀ ni ó wò, kò wo ti wọn. Láti inú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdílé àtijọ́ tí a mọ̀ ní Èkó ti jáde: Johnson, Williams, Macaulay, Davies, Cole, da Rocha, Vaughan àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn kò ju ọ̀kan lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìran àwọn ìdílé wọ̀nyí kò gbọdọ̀ tọ ipasẹ̀ orúkọ bàbá nìkan. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò so àwọn tí kò bá ara wọn tan pọ̀, yóò sì já àwọn tí ó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà kúrò lára ara wọn. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti òǹkọ̀tàn nìkan, nítorí ilé-ẹjọ́ ti gbé ogún fún àwọn kan, ó sì ti gbà á lọ́wọ́ àwọn mìíràn, lórí ìbéèrè kan náà: ta ni ọmọ?

Ẹ̀kọ́ tí orúkọ Òṣòdì kọ́ wa

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a jókòó sí. Ilẹ̀ Àwórì ni ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n Òṣòdì, tí ìjọba ìbílẹ̀ wa ń jẹ́ pọ̀ mọ́ Ìsọlọ̀, jẹ́ orúkọ kan náà tí ìdílé ńlá kan ń jẹ́ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Erékùṣù Èkó. Òṣòdì Tápà tí ìdílé náà ti ṣẹ̀ wá kì í ṣe ọmọ Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀. Tápà ni, ọmọdé sì ni nígbà tí ó bọ́ sí ààfin Èkó. Ó dàgbà, ó di olóyè, ó sì di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn Kòsọ́kọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Òṣòdì bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé ní 1862, ibi tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí ni a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní.

Ẹ kíyè sí i pé orísun Tápà, ààfin Èkó àti ìrìn-àjò Ẹ̀pẹ́ ni ó wà nínú ìtàn orúkọ kan ṣoṣo. Àwọn tí ó bá Òṣòdì gbé inú agboolé rẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀ nìkan. Àwọn àrótà wà níbẹ̀, àwọn tí a rà tàbí tí a kó lójú ogun tí wọ́n sì di ará ilé, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn sì ń bẹ níbẹ̀. Ta ni ó ni ilẹ̀ agboolé wọ̀nyí, ìdílé olóyè ni tàbí àwọn tí ń gbé orí rẹ̀? Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní London ní 1930. Bí orúkọ tí kò ti ìlú òyìnbó wá bá lè ru ìbéèrè tó báyìí sókè, mélòó mélòó ni orúkọ tí a fi fún ni létí òkun?

Ta ni Sàró, ta ni Àgùdà?

Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú láàárín àwọn ènìyàn tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọkọ̀ tí ń kó ẹrú lójú òkun, tí wọ́n sì ń kó àwọn tí ó wà nínú wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Àkókò náà gan-an ni ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan. Òwu fọ́, Ọ̀yọ́ Ilé tú, ọ̀pọ̀ ìlú di ahoro. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn wa fi pọ̀ púpọ̀ láàárín àwọn tí a já sílẹ̀ ní Freetown. Nítorí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní ẹ kú òwúrọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbọ̀, àwọn ará ibẹ̀ sọ wọ́n ní Akú. Láti inú àdàlú àwọn Akú wọ̀nyí àti àwọn mìíràn tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ni àwọn tí à ń pè ní Kíríò ti jáde. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ sọ pé láti inú ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, akiriyó, ni orúkọ Kíríò ti wá. Bóyá a gbà bẹ́ẹ̀ tàbí a kò gbà, ohun kan dájú: títí di òní, àwọn Kíríò ń ṣe kọ́mọjáde fún ọmọ tuntun, wọ́n sì ń ṣe àsè àwùjọ fún òkú. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wà lórí ìwé, àṣà ilé sì wà nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Láti 1839 ni àwọn kan nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ padà wá sí Bàdágìrì, láti ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn 1851, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Èkó, pàápàá ní Olówógbowó. Sàró ni a pè wọ́n, nítorí bí etí wa ṣe gbọ́ Sierra Leone nìyẹn.

Àwọn Àgùdà ti ọ̀nà mìíràn wá. Ní Bràsíìlì, ní Bahia ní pàtàkì, àwọn ènìyàn wa ṣiṣẹ́ ẹrú títí tí àwọn kan fi ra ara wọn padà. Ní 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìde sí àwọn olówó wọn ní Bahia. Lẹ́yìn tí ìjọba ṣẹ́gun wọn, wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú, ìbẹ̀rù sì mú kí àwọn mìíràn máa padà bọ̀ fúnra wọn. Àwọn tí ó dé Èkó tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Àwọn mìíràn dúró ní Àjàṣẹ́ àti ní ìlú etí òkun tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin nísinsìnyí. Ọ̀mọ̀lé, káfíńtà àti aránṣọ ni púpọ̀ nínú wọn, ọwọ́ wọn sì ni Èkó ti rí ilé alájà tí a fi ọ̀nà kíkọ́ ti Bràsíìlì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Kí a má sì rò pé gbogbo Sàró ni ọmọ ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí pé gbogbo Àgùdà ni kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú Mùsùlùmí. Mohammed Shitta, tí a bí ní Sierra Leone, jẹ́ Mùsùlùmí tọkàntọkàn. Òun ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́sálásí ńlá tí a ṣí ní 1894, tí Sultan ilẹ̀ Turkey sì fi oyè Bey dá a lọ́lá. Ẹni tí ó bá a kọ́ mọ́sálásí náà ni João Baptista da Costa, Àgùdà. Sàró Mùsùlùmí ni ó ni owó, Àgùdà ni ó ni ọwọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ to ìdílé Èkó sí àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò rí i pé ìdérí kò lè pa dé.

Orúkọ kan, ìran púpọ̀

Ẹ jẹ́ kí a mú orúkọ Johnson. Mẹ́ta ni mo fẹ́ kà fún yín. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, ìran Aláàfin Abíọ́dún. James Johnson, bíṣọ́ọ̀bù tí ó gba orúkọ ẹni mímọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, jẹ́ ọmọ tí Ìjẹ̀ṣà àti Ìjẹ̀bú bí. George William Johnson, tí ó dá ìgbìmọ̀ ìṣàkóso àwọn Ẹ̀gbá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1865, jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá. Ìlú Sierra Leone kan náà ni ó kó wọn jọ, orúkọ kan náà ni wọ́n jẹ́, ìgbà kan náà ni wọ́n sì gbé. Bí a bá fi orúkọ tọ ìran wọn, a ó sọ wọ́n di ọmọ bàbá kan. Bí a bá wo ilé, ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ wo ti Macaulay pẹ̀lú. Orúkọ gómìnà òyìnbó kan ní Sierra Leone ni Macaulay, kì í ṣe ti ìdílé Yorùbá kankan. Thomas Babington Macaulay wa, tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú gbajúmọ̀ òǹkọ̀tàn Gẹ̀ẹ́sì kan láṣán. Ọmọ Yorùbá tí ogun kó ni àwọn òbí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá baba ńlá Herbert Macaulay nínú ìwé ìran àwọn ará Scotland ń fi àgbá wọ́n omi òjò.

Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí akọ̀wé kò lè pa rẹ́. A bí ọmọ kan ní Òṣogùn, ó dojú délẹ̀ wá sáyé, a pè é ní Àjàyí. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní London, ni wọ́n fún un. Síbẹ̀ Àjàyí kò lọ. Bákan náà ni ọmọbìnrin Ẹ̀gbádò kan tí àwọn ará Dàhòmì kó ní Òkè-Òdàn. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, Forbes, gbà á lọ́wọ́ ọba Dàhòmì ní 1850, ó fún un ní orúkọ tirẹ̀, ó sì fi orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di Sarah Forbes Bonetta. Orúkọ ènìyàn kan àti orúkọ ọkọ̀ kan! Ṣùgbọ́n Àìná ni orúkọ tí ó mú tọ̀run wá. Orúkọ àmútọ̀runwá kò lè sọ ilé tí ọmọ ti wá fún wa, nítorí Àjàyí àti Àìná wà ní gbogbo ìlú. Ohun tí ó sọ fún wa ni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ nígbà tí a bí ọmọ náà, tí ó rí bí ó ṣe wá sáyé, tí ó sì mọ ohun tí ó yẹ kí a pè é.

Nígbà tí ó yá, àwọn kan bọ́ orúkọ àwìn sílẹ̀. David Brown Vincent di Mọ́jọlá Àgbébí ní 1894. Ní 1913, agbẹjọ́rò kan tí ó ń jẹ́ Placido Assumpção di Adéyẹmọ Alákíjà, ẹni tí ó padà di ààrẹ Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà. Ìwà akin ni. Ṣùgbọ́n ẹ rí iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ fún ẹni tí ń wá ìran. Bàbá Assumpção, ọmọ Alákíjà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ìdílé méjì. Orúkọ kan náà kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀rí àjèjì.

Ọ̀nà ìyá

Bí orúkọ bàbá bá tàn wá jẹ, kí ni a ó wá tọ̀? Mo ní kí a tọ ìyá. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, Àjàyí Crowther tún fojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlà, lẹ́yìn bí ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n. Kò sí ìwé ìrìbọmi tí ó lè so Crowther mọ́ Òṣogùn bí obìnrin yìí ṣe so ó mọ́ ọn. Ojú ìyá ni ìwé ìran rẹ̀.

Ọ̀nà ìyá náà ni ó so àwọn ilé ńlá pọ̀ lẹ́yìn náà. Abigail, ọmọ Crowther, ni ó fẹ́ Thomas Babington Macaulay. Òun ni ó bí Herbert Macaulay ní 1864, ní ọdún kan náà tí bàbá rẹ̀ àgbà di bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Herbert Macaulay bá Olóyè Olúwa lọ sí London ní 1920 lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, orúkọ bàbá ni ayé ń pè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìyá ni ó gbà jẹ́ ọmọ-ọmọ Àjàyí. Àìná náà fẹ́ James Pinson Labulo Davies ní 1862; ọmọ wọn, Victoria, ni ó fẹ́ oníṣègùn John Randle ní 1890. Orúkọ Àìná kò sí nínú orúkọ Davies, orúkọ Davies kò sì sí nínú ti Randle. Bí a bá fi orúkọ bàbá nìkan ya igi ìran, lẹ́yìn ìran méjì, Àìná ti sọnù.

Ìdílé Vaughan jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. James Churchwill Vaughan wá láti South Carolina ní Amẹ́ríkà, ó gba Liberia kọjá, ó sì dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1855. Ó gbé ní Ìjàyè àti Abẹ́òkúta kí ó tó di oníṣòwò ńlá ní Èkó, níbi tí ó ti kú ní 1893. Ìtàn ìdílé náà sọ pé bàbá rẹ̀, Scipio, jẹ́ ọmọ Yorùbá, pé òun ni ó sì rọ àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n padà sílé. Ìwé ìròyìn Ebony ní Amẹ́ríkà gbé ìtàn ìdílé yìí jáde ní 1975. Ní 2017 ni onímọ̀ ìtàn Lisa Lindsay tẹ odidi ìwé jáde lórí Vaughan, tí ó fi àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́ àti ti ìjọ gbé ìtàn ẹnu yẹ̀ wò. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin Vaughan ni Kofoworọlá Moore ti wá, ẹni tí ó gboyè ní Oxford ní 1935, tí a sì mọ̀ lẹ́yìn náà sí Lady Ademola. Vaughan, Moore, Ademola: orúkọ mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ kan.

Ogún àti òfin

Mo ti wá dé ibi tí bàtà ti ń ta ènìyàn lẹ́sẹ̀. Yorùbá mọ ọmọ ìyá, wọ́n mọ ọbàkan, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń pín ogún, ìbáà jẹ́ ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí. Nínú ìlànà yìí, kò sí ọmọ tí bàbá gbà ní ọmọ tí a lè sọ pé kì í ṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn Sàró àti Àgùdà mú òrùka wọlé. Ní 1884, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ìgbéyàwó fún Èkó: ẹni tí ó bá gba òrùka lábẹ́ òfin yìí kò gbọdọ̀ fẹ́ ìyàwó mìíràn, ogún rẹ̀ yóò sì tẹ̀lé ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1898 ni ilé-ẹjọ́ Èkó dá ẹjọ́ Cole àti Cole. Ọkùnrin ará Èkó kan gbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Sierra Leone, ó padà sílé, ó sì kú láìkọ ìwé ìpíngún. Àbúrò rẹ̀ ní kí a fi ìlànà ìbílẹ̀ gbé ogún fún òun. Ilé-ẹjọ́ ní rárá. Opó àti ọmọ rẹ̀ ni ó ni ín, nítorí ìgbéyàwó òrùka ti mú ọkùnrin náà kúrò lábẹ́ àṣà. Obìnrin púpọ̀ lè yọ̀ sí ìdájọ́ yìí, ẹ̀tọ́ wọn sì ni, nítorí a kì í lé opó jáde nílé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èkejì. Ọmọ Ọ̀yọ́ kan fẹ́ ìyàwó nílànà ìbílẹ̀, ó sì bí ọmọbìnrin kan. Ogun kó o, a tà á sí erékùṣù West Indies. Níbẹ̀ ni ó ti gbéyàwó mìíràn nínú ìjọ Kátólíìkì. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, òun àti aya náà padà sí Èkó. Nígbà tí àwọn méjèèjì ti kú, ọmọbìnrin tí ó ti bí kí a tó kó o lọ jáde wá, ó ní kí a fún òun ní ilé bàbá òun. Ẹjọ́ Adegbola àti Folaranmi ni, ní 1921. Ilé-ẹjọ́ kò gbé ilé náà fún un. Ẹ rò ó wò: ẹrú gba bàbá lọ́wọ́ ọmọ, nígbà tí bàbá sì padà, òrùka tún gba ilé lọ́wọ́ ọmọ náà. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Wọ́n kàn ní ìgbéyàwó tí ó so bàbá mọ́ ìyá rẹ̀ kò lè dúró níwájú èkejì nígbà tí a bá ń pín ogún ni.

Ní àárín Èkó kan náà, àwọn tí kò gba òrùka ń bá ìlànà wọn lọ. Nígbà tí Suberu Dawodu kú tí ó sì fi ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin sílẹ̀, ẹjọ́ wọn lọ títí dé Privy Council, tí wọ́n sì fi ọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962 gẹ́gẹ́ bí àṣà tí ó fìdí múlẹ̀. Ṣáájú èyí, nínú ẹjọ́ Bamgbose àti Daniel, ìgbìmọ̀ kan náà ti gbà ní 1954 pé àwọn ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó ìbílẹ̀ lè jogún bàbá wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ni ogún náà ń tọ̀ nítorí pé abẹ́ òfin òrùka ni a ti bí bàbá náà. Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1979, àti ti 1999 lẹ́yìn rẹ̀, wá sọ pé a kò gbọdọ̀ fi bí a ṣe bí ènìyàn dù ú ní ẹ̀tọ́.

Òfin ti yí padà, ṣùgbọ́n igi ìran tí a fi sí inú gíláàsì lórí ògiri kò tíì yí. Kristin Mann, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1985 lórí ìgbéyàwó àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó láàárín 1880 àti 1915, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ó gba òrùka ní ìyàwó mìíràn níta, wọ́n sì bímọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí dà nínú ìwé ìran? Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àìkọ orúkọ wọn sílẹ̀ di ẹ̀rí pé wọn kò sí. Bákan náà ni ti àwọn àrótà. Bí a bá ń ka ìtàn ìdílé tí a tẹ̀ fún ayẹyẹ, gbogbo ènìyàn ni ọmọ ọba. Mo máa ń bi ara mi pé, bí gbogbo wọn bá jẹ́ ọmọ ọba, ta ni ó ń gbá àgbàlá ààfin?

Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe

Kí a má rò pé Erékùṣù Èkó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1867, tí a lé àwọn òyìnbó ìjọ jáde, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sá wá sí Ẹ̀búté-Mẹ́ta. J. P. L. Davies, lẹ́yìn tí òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, lọ dá oko kòkó sí Ìjọ̀n, ó sì gbé òpó òkúta ìrántí kalẹ̀ níbẹ̀ fún Àìná tí ó kú ní 1880. J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ Àgége di ilẹ̀ kòkó. Ìyẹn ni pé láti Ẹ̀búté-Mẹ́ta títí dé àwọn oko wọ̀nyí, yí ká ibi tí a jókòó sí yìí, ọmọ àti alábàáṣiṣẹ́ àwọn ìdílé náà tàn kálẹ̀ sórí ilẹ̀ Àwórì. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ń jẹ́ Coker tàbí Davies ní òpópónà yín máà mọ ibi tí ó ti jẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni mo fẹ́ fi lé wa lọ́wọ́. Èkíní, kí a lo àkọsílẹ̀ àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Àwọn akọ̀wé Freetown àti Havana kọ orúkọ ìbílẹ̀ wọn, ọjọ́ orí wọn àti bí wọ́n ṣe ga tó sílẹ̀. Orúkọ tí ó lé ní 90,000 ni àwọn onímọ̀ ti kó jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti inú rẹ̀. Etí àjèjì ni ó gbọ́ orúkọ wọ̀nyí, ó sì gba elédè Yorùbá kí a tó lè kà wọ́n padà bí ó ti yẹ.

Èkejì, kí a gba oríkì orílẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà, pẹ̀lú èèwọ̀ ilé. Bí ìyá àgbà bá ń kí ọmọ Williams ní ọmọ Ọ̀pómúléró, ó ti sọ ohun tí ìwé ìrìbọmi kò lè sọ. Kí a sì fi ìwé wọn ọ̀rọ̀ ẹnu, kí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ìwé, nítorí àwọn méjèèjì mọ irọ́ pa.

Ẹ̀kẹta, kí a tọ́jú ilé. Ilé Omi tí àwọn da Rocha kọ́ sí Kakawa di ohun tí òǹkọ̀wé ọmọ Bràsíìlì, Antonio Olinto, fi ṣe ìtàn àròsọ ní 1969. Ṣùgbọ́n Ìlọ́jọ́, ilé àwọn Fernandez ní ìtòsí Tinúbú, tí ìjọba ti kà sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, ni a wó lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Òfin tí ó dáàbò bò ó lórí ìwé kò lè dá katapílà dúró. Bí ilé bá wó, ibi tí a ó ti wo ilé kí a tó sọmọ lórúkọ ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣòro jù. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú igi ìran rẹ̀ kúrò lórí ògiri, kí wọ́n sì kọ àwọn tí a fo dá sí i: orúkọ ìyá, orúkọ ọmọ tí a bí níta, orúkọ àrótà tí ó gbé ilé náà ró. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ogún ń ba àwọn kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ̀ láti kọ ẹlòmíràn sílẹ̀ lónìí, kí ó rántí pé ìwé tí kò kọ ilé tirẹ̀ sílẹ̀ ni ó gba orúkọ lọ́wọ́ baba ńlá rẹ̀ ní Freetown. Kò yẹ kí ọmọ ẹni tí a fo dá máa fo ẹlòmíràn dá.

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Kí àrọ́bá tí a ó fi sílẹ̀ fún wọn má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.